A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Lójoojúmọ́ ni à ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aláṣẹ pé nítorí àwọn ọmọ wa ni wọ́n ṣe ń yá owó. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń yáwó nítorí ọmọ gbọ́dọ̀ rántí pé ọmọ náà gan-an ni yóò dàgbà tán tí yóò máa san gbèsè náà. Ìdí nìyí tí àwa fi rò pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ìlú máa bèèrè kí ẹnikẹ́ni tó fi orúkọ ọmọdé yá kọ́bọ̀ kan. Ta ni a bi léèrè? Kí ni a fẹ́ fi owó náà ṣe? Ta ni yóò ṣí ìwé ìnáwó wò nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ?

Lónìí, a fẹ́ mú àwọn òǹkàwé wa lọ sí ìlú Los Angeles ní ìpínlẹ̀ California, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi ìwé ìdìbò dáhùn ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí fún ohun tí ó ju ọdún 25 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìlú àwọn olówó nìkan ni à ń sọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí ń lọ sí ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ìran Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọmọ àwọn tí ń gbálẹ̀, tí ń ránṣọ, tí ń dáná ní ilé oúnjẹ. Tálákà pọ̀ láàrin wọn. Síbẹ̀, wọn kì í fárí wọn lẹ́yìn wọn.

Bí ètò náà ti rí nìyí. Ní California, ìgbìmọ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi ìbò yàn ni ó ń ṣe àkóso ilé-ìwé ìjọba ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Owó oṣù olùkọ́, ìwé àti ẹfun ìkọ̀wé a máa ti inú owó ọdọọdún jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ilé kíkọ́ yàtọ̀. Ilé-ìwé kan ṣoṣo lè gba owó tí àgbègbè kan kò lè rí kó jọ ní ọdún mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni òjò kì í dúró de ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ a tẹ ìwé ẹ̀yáwó, a sì tà á fún àwọn báńkì, àwọn àjọ tí ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, àti àwọn olówó mìíràn. Wọn a máa san owó náà padà pẹ̀lú èlé, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún 25 tàbí 30. Inú owó-orí tí a ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀ àgbègbè náà ni owó ìsanpadà ti ń wá. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé ará àdúgbò ni yóò san án, òfin wí pé a kò gbọ́dọ̀ ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ àfi bí àwọn olùdìbò àgbègbè náà bá fọwọ́ sí i nínú ìbò.

Ìfọwọ́sí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Láti ọdún 1879 ni òfin ìpilẹ̀ California ti là á sílẹ̀ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó dìbò ni ó gbọ́dọ̀ gbà kí àgbègbè tó lè wọ irú gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn 100 bá dìbò, tí 66 wí pé bẹ́ẹ̀ ni, tí 34 wí pé rárá, àwọn 34 ni ó borí. Òfin tí ó le ni, ó sì jẹ àwọn ọmọ Los Angeles níyà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ipò tí àwọn ọmọ náà wà. Láti nǹkan bí ọdún 1970 títí tí ọ̀rúndún ogún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ilé-ìwé tuntun tí a kọ́ níbẹ̀ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ń pọ̀ sí i títí wọ́n fi ju 700,000 lọ. Nígbà tí àyè kò gbà wọ́n mọ́, a pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, a sì ń lo ilé kan náà yí ọdún po: bí ọ̀wọ́ kan bá wọlé, òmíràn a gba ìsinmi. Dípò ọjọ́ 180 tí ó yẹ kí ọmọ fi kàwé lọ́dún, ọjọ́ 163 péré ni ọ̀pọ̀ ń rí, bí a tilẹ̀ fa ọjọ́ kọ̀ọ̀kan gùn díẹ̀ láti fi dí àlàfo náà. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ tí ó bá lo ọdún mẹ́wàá nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ti pàdánù ọjọ́ 170, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi ọdún ẹ̀kọ́ kan. Àwọn mìíràn sì wà tí bọ́ọ̀sì ń kó lọ sí àdúgbò jíjìn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nítorí pé ilé-ìwé ìtòsí wọn ti kún.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1996, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ tọ àwọn olùdìbò lọ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yá 2.4 bílíọ̀nù dọ́là láti fi tún àwọn ilé-ìwé ṣe, kí wọ́n sì kọ́ tuntun. Nǹkan bí 65.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó gbà. Ní ibi púpọ̀ láyé, ẹni tí ó bá rí ìbò tó bẹ́ẹ̀ ti wọ ilé ìjọba tìlù-tìfọn. Ní Los Angeles, ìjákulẹ̀ ni. Ohun tí ó ṣẹ́ kù kí ó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta kò ju ìka kan lọ.

Àwọn ìgbìmọ̀ náà kò bú àwọn olùdìbò, wọn kò sì pè wọ́n ní ọ̀tá ìtẹ̀síwájú. Wọ́n padà tọ̀ wọ́n lọ ní oṣù kẹrin ọdún 1997 pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, 71 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbìmọ̀ alábòójútó kan láti àárín àwọn ará ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ bí a ti ń ná owó náà.

Ọdún 2000 ni òfin ìdá méjì nínú mẹ́ta yí padà ní gbogbo California, ọ̀nà tí ó sì gbà yí padà ni ó kọ́ wa lọ́gbọ́n jù. Ní oṣù kẹta ọdún náà, a bi àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ náà bóyá wọ́n fẹ́ kí ìbò tí ó bá ju ìdajì lọ tó fún gbèsè ilé-ìwé. Wọ́n kọ̀. Ní oṣù kọkànlá, a tún bi wọ́n bóyá wọ́n lè gba 55 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n a so àdéhùn mọ́ ọn lọ́rùn. Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àwọn iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi owó náà ṣe sílẹ̀ kí ìbò tó wáyé. Olùṣàyẹ̀wò ìwé owó gbọ́dọ̀ yẹ ìnáwó wò lọ́dọọdún. Owó náà kò gbọ́dọ̀ kan owó oṣù olùkọ́ tàbí ti ọ̀gá kankan. Ìgbìmọ̀ ará ìlú, tí òbí, àgbàlagbà, oníṣòwò àti asanwó-orí wà nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ, òṣìṣẹ́ àgbègbè náà tàbí agbaṣẹ́ṣe rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ jókòó níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn gbọ́ èyí, wọ́n gbà. Àwọn tí ó kọ̀ láti jọ̀wọ́ agbára wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹta jọ̀wọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní oṣù kọkànlá nígbà tí a fi ìṣípayá ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Kí ni àbájáde rẹ̀? Láti ọdún 1997, ẹ̀ẹ̀méje ni àwọn ará Los Angeles ti fọwọ́ sí irú gbèsè yìí: ní 1997, 2002, 2004, 2005, 2008, 2020 àti 2024. Ti ọdún 2024 nìkan jẹ́ 9 bílíọ̀nù dọ́là. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ju 36 bílíọ̀nù lọ. A ti fi kọ́ ilé-ìwé tuntun tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, a sì ti tún àìmọye òrùlé, páìpù omi àti wáyà iná ṣe. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 2012, ètò ọlọ́wọ̀ọ́-ọ̀wọ́ tí ó ń jẹ ọjọ́ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn.

A kò sọ pé gbogbo rẹ̀ dán bí ọ̀jọ̀jọ̀ oòrùn òwúrọ̀. Ilé-ìwé gíga ńlá kan wà tí a ń pè ní Belmont, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1990 ó lé sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa epo tẹ́lẹ̀. Kí ilé tó parí, a rí i pé afẹ́fẹ́ olóró ń bẹ nínú ilẹ̀ náà. A pa iṣẹ́ tì lẹ́yìn tí ó ti gba owó tí ó ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ, ọdún 2008 ni àwọn ọmọ sì tó wọ ibẹ̀. Ní ọdún 2010, a ṣí ilé-ìwé mìíràn tí a fi orúkọ Robert F. Kennedy sọ, tí ó jẹ 578 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn tí ó bínú sí ìnáwó náà kò kéré. Ní ọdún 2013, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ẹ̀yáwó ra ẹ̀rọ iPad fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: ẹ̀rọ tí kò ní pẹ́ gbó ni a fẹ́ rà ní gbèsè ọdún 25. Ọmọ tí ó lo ẹ̀rọ náà yóò ti bí ọmọ tirẹ̀ kí gbèsè tó tán, ẹ̀rọ náà yóò sì ti di pàǹtí láti ọjọ́ pípẹ́. Ariwo ta, ìwé ìròyìn tú ọ̀rọ̀ náà wò, a sì fagi lé àdéhùn ìtajà náà ní ọdún 2014.

Àléébù ni ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí a ṣe mọ̀ wọ́n. A mọ̀ wọ́n nítorí pé ìwé ìnáwó wà ní gbangba, àwọn tí ń sanwó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Bí ó bá jẹ́ ibi tí a ti ń yáwó ní ìkọ̀kọ̀ ni, Belmont ìbá ti gba àwọn ọmọ wọlé kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń mí sínú.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí a bá bi bóyá ó fẹ́ san owó yóò wí pé òun kò fẹ́. Òótọ́ ni pé ó lè kọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn tí àwọn olùkọ́ Los Angeles da iṣẹ́ sílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tò sẹ́yìn wọn, a tún tọ àwọn olùdìbò lọ fún owó-orí tuntun lórí ilẹ̀ tí a fẹ́ fi máa bójú tó iṣẹ́ ilé-ìwé lọ́dọọdún. Ìbò tí ó gbà á kò tó ìdajì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn olùdìbò ìlú kan náà fọwọ́ sí gbèsè 7 bílíọ̀nù fún ilé kíkọ́. Ẹni tí ó lè wí pé rárá ni bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ ní ìtumọ̀.

Ìtàn tiwa náà kò jìnnà sí èyí. Ní ọdún 1952, S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé ìlànà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì bu owó-orí lé àwọn ènìyàn láti fi gbọ́ bùkátà rẹ̀. Àwọn ará ìlú kùn, àwọn mìíràn tilẹ̀ fárígá. Nígbà tí ìbò àpapọ̀ ọdún 1954 dé, ẹgbẹ́ NCNC borí ẹgbẹ́ Action Group ní Ìwọ̀-Oòrùn níbẹ̀ gan-an, àwọn òpìtàn sì ń ka owó-orí náà mọ́ ohun tí ó fà á. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ilé-ìwé ṣí. Iye àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí nǹkan bí 811,000. Àwọn bàbá tí ó ti ń kùn fi ojú ara wọn rí ọmọ wọn pẹ̀lú síléètì lọ́wọ́, ẹgbẹ́ náà sì borí nínú ìbò Ìwọ̀-Oòrùn ti ọdún 1956. Àwọn ènìyàn wa kò kórìíra àtisanwó. Ohun tí wọ́n kórìíra ni kí wọ́n sanwó kí wọ́n má rí ohun tí a fi ṣe.

Nísinsìnyí ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Nàìjíríà ti ta ìwé ẹ̀yáwó ọlọ́dún púpọ̀. Gómìnà ni ó ń béèrè, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ó ń fọwọ́ sí i, ará ìlú a sì gbọ́ nínú ìròyìn. A kò sọ pé ìyáwó burú, tàbí pé gbogbo owó náà ṣègbé. Ohun tí à ń wí ni pé àwọn baba wa ṣọ́ra ju báyìí lọ. Nígbà tí ìwọ̀fà wà, tí bàbá fi ọmọ dúró lórí owó, kì í ṣe nínú òkùnkùn. Onígbọ̀wọ́ a wà níbẹ̀, ẹbí a mọ iye tí a yá, wọn a sì mọ olówó tí ọmọ ń sìn. Àṣà ìwọ̀fà ti kọjá lọ, ó sì yẹ kí ó kọjá. Ṣùgbọ́n gbèsè tí ìjọba wọ̀ lónìí, tí ọmọ ọdún mẹ́fà yóò máa san títí di ẹni ọgbọ̀n ọdún, kí ni a ó ti pè é bí ọmọ náà kò bá rí ilé-ìwé tí a fi kọ́?

Àléébù kan wà nínú ètò California tí a kò gbọ́dọ̀ gbé wá sílé. Nítorí pé orí ilé àti ilẹ̀ ni owó ìsanpadà ti ń wá, àdúgbò tí ilé rẹ̀ gbówó lórí a máa rí owó púpọ̀ gbà lórí owó-orí kékeré, àdúgbò tálákà a sì máa forí ṣe fọrùn ṣe. Owó ìrànwọ́ tí ìpínlẹ̀ náà ń yá, irú bí 10 bílíọ̀nù dọ́là tí àwọn olùdìbò fọwọ́ sí ní ọdún 2024, sábà máa ń tọ ẹni tí ó bá ti rí tirẹ̀ kó sílẹ̀ lọ, bí a tilẹ̀ fi díẹ̀ kún ti àwọn aláìní. Nàìjíríà náà ní irú àléébù yìí. Òfin ẹ̀kọ́ kárí ayé ti ọdún 2004 wí pé kí ìpínlẹ̀ tó gba ìpín tirẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ilé-ìwé, ó gbọ́dọ̀ fi owó tirẹ̀ ti i. Ìgbà púpọ̀ ni ìròyìn ti jáde pé àwọn ìpínlẹ̀ kan kò fi owó tiwọn sílẹ̀, tí ti ìjọba àpapọ̀ sì wà nílẹ̀ láìní olùgbà, tí àwọn ọmọ sì ń jókòó lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ gómìnà kò yẹ kí ó di ìyà ọmọdé.

Ọ̀ràn ilé-ìwé tí kò lágbára kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ojú. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé-ìwé wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, Erékùṣù Èkó. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ìwé kan wó ní ìlú Jọ́ọ̀sì nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Nínú ìjàǹbá méjèèjì, a gbé òkú ọmọ jáde. Ilé-ìwé aládàáni ni méjèèjì, ṣùgbọ́n òbí tí ó rí ilé-ìwé ìjọba tí ó dúró dáadáa, tí ó sì láyè, kò ní wá ọmọ rẹ̀ lọ sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ahẹrẹpẹ.

Nítorí náà, a dá àbá wọ̀nyí. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò nílò láti dúró de òfin tuntun kí ó tó ṣe wọ́n. Kí ó tó yáwó fún ilé-ìwé, kí ó tẹ orúkọ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ tí yóò ṣe níbẹ̀ jáde ní èdè tí ará ìlú ń kà, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé-ìwé náà àti ti ilé ìjọba ìbílẹ̀. Kí ó pe ìpàdé gbangba ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ ohun tí àwọn ènìyàn wí sílẹ̀. Kí ó yan ìgbìmọ̀ òbí, oníṣòwò àti olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí agbaṣẹ́ṣe tàbí ìbátan rẹ̀ kò ní sí nínú rẹ̀, láti máa ka ìwé ìnáwó sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn lọ́dọọdún. Kí gbèsè ọlọ́dún púpọ̀ má ṣe kan ohunkóhun tí kò ní pẹ́ tó gbèsè náà. Lẹ́yìn èyí, kí àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí ìbò ará ìlú yóò ṣe wà lórí irú gbèsè yìí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ yín jù. Ẹ̀yin ni ẹ mọ kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ ń jò àti ògiri tí ó ti là. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù, ẹ fi han àwọn òbí. Nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣírò èlé orí gbèsè ìpínlẹ̀ wọn, kí wọ́n lè mọ̀ láti kékeré pé tiwọn ni.

Àwọn àgbà wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní ìgbà tiwa, ìlú tí ó bá yáwó láì kọ́ ọmọ, tí kò sì kọ́ ilé, kò tilẹ̀ ní rí ohun tí ọmọ yóò tà. Gbèsè nìkan ni yóò jogún, yóò sì béèrè lọ́wọ́ wa ibi tí a wà nígbà tí wọ́n ń fá orí rẹ̀.